Kí Ẹ Tó Sanwó Ìjàpá Tó Ti Jókòó: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ọkọ̀ Àtijọ́ Wò fún Àtúnṣe Àkọ́kọ́

Ẹ́ńjìnì kọ́ ló sábà máa ń dá ẹni tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́ dúró. Irin abẹ́ ọkọ̀ ni, ìwé ọkọ̀ ni, àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó ti sọnù lára rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń tà á nítòsí mọ́. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń bi ẹni tó fẹ́ tajà ni pé, "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?" Ìbéèrè yẹn dáa, àmọ́ ẹ̀yìn àwọn mẹ́ta yìí ló yẹ kó ti wá.

Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá ni mo máa fi ṣàlàyé, torí òun ni mo máa ń gba ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kó mú. Lọ́dún 1975 ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọjọ́, lójú ọ̀nà tó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì, Ìjàpá sì di ọkọ̀ tíṣà, ọkọ̀ nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ pásítọ̀. Àwọn àgbà mẹkáníìkì tó mọwọ́ rẹ̀ ṣì wà. Oṣù Keje ọdún 2003 ni wọ́n tó ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Puebla, lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, lẹ́yìn tí iye rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 21, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ fi ṣì ń jáde ní tuntun lónìí. Kò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára. Bọ́ọ̀tì ńlá mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnì mọ́ jíà, bọ́ọ̀tì ni wọ́n sì tún fi di bọ́dì mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹni tí kò tíì tú ọkọ̀ rí lè tú u, kó sì tò ó padà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ibi tí ọkọ̀ máa gbé àti ẹni tó máa tún un ṣe, kí ẹ tó wá ọkọ̀

Ọkọ̀ tí wọ́n ti tú máa ń gba àyè tó ìlọ́po méjì ọkọ̀ tó dúró ṣinṣin. Ilẹ̀kùn á wà lọ́tọ̀, àga á wà lọ́tọ̀, ẹ́ńjìnì á wà nílẹ̀. Bí ilé tí ẹ háyà lẹ ń gbé, tí onílé lè sọ lọ́la pé kí ẹ kó irin yín kúrò ní kọ́ńpáǹdì òun, ẹ má tíì rà á. Òrùlé ṣe pàtàkì ju ògiri lọ. Ọkọ̀ tí ẹ ti họ ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò, òjò kan ṣoṣo ti tó kó bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún.

Ẹ wá mẹkáníìkì pẹ̀lú. Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ ẹni tó mọ Ìjàpá lóòótọ́: ẹ bi í pé ìgbà wo ló ń ṣètò àlàfo fáàfù, ìyẹn ẹnu tó ń ṣí tó ń pa dé nínú ẹ́ńjìnì. Ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ pé nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù pátápátá ni, bóyá láàárọ̀ kùtù kí ẹnikẹ́ni tó sítáàtì í, àlàfo rẹ̀ kò sì ju ìwọ̀n mìlímítà 0.15 lọ lórí ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó bá ní kí ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbóná, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíì. Ẹni tí ẹ bá rí, ẹ sanwó ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ jọ lọ wo ọkọ̀ náà. Owó yẹn kò lè tó owó àṣìṣe.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ló ni ọkọ̀ yìí?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tó jókòó sílẹ̀ nílẹ̀ wa, ọkọ̀ olóògbé ni. Bàbá ló rà á, bàbá ti lọ, àwọn ọmọ wà ní Ìbàdàn, ní Abújá, ní London. Ẹni tó bá ń gbé nínú ilé náà ló máa jáde sí yín. Á sọ pé, "Bàbá wa ló ni ín, èmi ni mò ń bójú tó o." Kò purọ́. Àmọ́ bíbójú tó nǹkan yàtọ̀ sí níní àṣẹ láti tà á. Ẹ lè parí iṣẹ́, kí ọkọ̀ máa dán gbinrin, kí àbúrò kan dé láti òkè òkun kó ní ohun ìrántí bàbá òun lẹ gbé lọ.

Ẹ fi sùúrù béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mélòó ni Bàbá bí? Ṣé gbogbo wọn mọ̀ pé ẹ fẹ́ tà á?" Bí ìdílé bá ti gba ìwé àṣẹ láti máa bójú tó dúkìá olóògbé ní ilé ẹjọ́ gíga, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé yẹn ni kó buwọ́ lù ú. Bí wọn ò bá ní in, ẹ ní kí wọ́n lọ gbà á kí ẹ tó sanwó. Èyí tí mo máa ń fi kún un ni ìwé àdéhùn tí gbogbo ọmọ tó ti dàgbà buwọ́ lù, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, kódà kí àwọn tó wà lókè òkun bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí ẹ rí ojú wọn. Bí ẹnì kan nínú wọn bá kọ̀, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ títí wọ́n á fi yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹ má bá wọn dá sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo pátíkúlásì. Nọ́ńbà ṣáásí Ìjàpá wà lójú ibi méjì: wọ́n lù ú sára irin tó gba àárín ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá, lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ó sì tún wà lára páálí onírin kékeré kan nínú búùtù iwájú, lẹ́yìn táyà àfipamọ́. Ti ẹ́ńjìnì wà lára ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀, nísàlẹ̀ ibi tí dínámò jókòó lé. Ẹ mú kànìnkàn, omi àti ọṣẹ dání kí ẹ fọ ibẹ̀ kí ẹ tó kà á. Bí ti ẹ́ńjìnì kò bá bá ìwé mu, kì í ṣe òpin ayé, torí ọ̀pọ̀ ló ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì láàárín ọdún gbọọrọ yìí. Ó kàn yẹ kí wọ́n ní ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀ ni. Àmọ́ bí ti ṣáásí kò bá bá ìwé mu, tàbí tí ó jọ pé wọ́n ti fi fáìlì ha á tàbí wọ́n jó irin míì lé e, ẹ máa lọ. Bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó, ẹ máa lọ. Bí nọ́ńbà bá sì bára mu, ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ lọ lọ́sàn-án, kí ẹ sì múra bí ẹni tó fẹ́ dùbúlẹ̀

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, òòfà kékeré tí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé, sikurudiráfà tó ti gbó, sípánà plọ́ọ̀gì, jáàkì tó dáa, igi líle tó nípọn, àti ẹní tí ẹ lè dùbúlẹ̀ lé. Ẹ má lọ lẹ́yìn òjò. Ara ọkọ̀ tó tutù máa ń dán, ọ̀dà tó ti kú á sì jọ èyí tó wà láàyè.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: abẹ́ ọkọ̀

Ẹ kọ́kọ́ gbé àga ẹ̀yìn kúrò. Lápá ọ̀tún lábẹ́ rẹ̀ ni bátìrì ń gbé. Fún ogójì tàbí àádọ́ta ọdún ni omi bátìrì ti ń kán síbẹ̀, ásíìdì sì ń jẹ irin láìdáwọ́ dúró. Ẹ gbé bátìrì náà sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi ìdí sikurudiráfà lu irin ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irin tó yè máa dún gan-an, á sì ta ọwọ́ yín padà. Èyí tó ti kú máa dún pọ̀kọ̀, eruku pupa á jábọ́, nígbà míì irinṣẹ́ náà á wọlé lọ, ẹ ó sì rí koríko láti inú ọkọ̀. Ihò níbí yìí nìkan kò yẹ kó lé yín sá. Páńẹ́lì bítà tó mọṣẹ́ lè gé e kúrò, kó jó tuntun sí i, àwọn kan sì ń ta ilẹ̀ ọkọ̀ Ìjàpá tuntun lókè òkun, apá ọ̀tún lọ́tọ̀, apá òsì lọ́tọ̀.

Ohun tó lágbára ju ìyẹn lọ wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ìjàpá ní irin oníhò kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó gba abẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn láti ẹ̀yìn lọ síwájú. Àwọn Jámánì tó ṣe é ń gba inú rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná láti ẹ̀yìn wá fún ẹni tó jókòó síwájú, nítorí òtútù ilẹ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó ń wá ooru nínú ọkọ̀ l'Ékòó, torí náà kò sẹ́ni tó ń yẹ ibẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ irin yìí ni òpó tó gbé bọ́dì dúró. Inú ló ti ń jẹra bọ̀ síta, kí ẹ tó rí i lójú òde, ó ti pẹ́ tó ti tán nínú.

Báyìí ni ẹ ṣe máa dán an wò. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sí ìdajì, kí ẹ di etí rẹ̀ mú lápá ibi tí wọ́n ti ń tì í, kí ẹ gbé e sókè sódò. Bí ilẹ̀kùn bá ń mì láàárín ìdè rẹ̀, ìdè ló jẹ, ìyẹn rọrùn. Bí ìdè àti òpó tí wọ́n so ó mọ́ bá jọ ń mì, ìsàlẹ̀ òpó ti jẹ nìyẹn. Ẹ pa ilẹ̀kùn dé, kí ẹ jìnnà díẹ̀, kí ẹ wo àlàfo tó yí i ká. Ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ bákan náà lókè àti nísàlẹ̀. Bí ó bá fún lókè tó sì fẹ̀ nísàlẹ̀, ọkọ̀ náà ti ń tẹ̀ wọlẹ̀ láàárín. Lẹ́yìn náà, ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ fi sikurudiráfà tẹ abẹ́ òpó náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kí ẹ má jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ tà á rò pé ẹ fẹ́ ba nǹkan rẹ̀ jẹ́, ẹ tọrọ àyè: "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan abẹ́ ẹ̀ díẹ̀." Bí ẹni náà bá kọ̀ jálẹ̀, ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ yín.

Ibi kẹta ni orí ṣáásí níwájú, níbi tí irin tó gbé ẹsẹ̀ iwájú ti wọlé. Tí ibẹ̀ bá ti jẹ, afi kí wọ́n gbé bọ́dì kúrò lórí ilẹ̀ ọkọ̀ pátá kí wọ́n tó lè tún un ṣe dáadáa, ẹsẹ̀ iwájú sì gbọ́dọ̀ tọ́ ṣánṣán lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Ẹ tún wo ihò táyà àfipamọ́ nínú búùtù iwájú, abẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn, àti ibi tí bọ́ńpà ẹ̀yìn so mọ́. Ẹ fi òòfà rìn lára àwọn ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ibi tí kò bá ti mú, fílà, ìyẹn ìpara tí páńẹ́lì bítà fi ń dí ihò, ni wọ́n fi dí i. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀dà dúdú tó tutù yọ̀yọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tó ti jókòó fún ọdún mẹ́wàá. Kí ló dé tí wọ́n fi ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ún ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá?

Tí ẹ bá máa fi jáàkì gbé e, ojú ibi tí wọ́n ṣe fún jáàkì ni kí ẹ kì í bọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí irin ń kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kíá. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan, ẹ fi igi líle tì í kí orí yín tó wọbẹ̀.

Ibi tí ọkọ̀ gbé ṣe pàtàkì. Èyí tó lo ìgbésí ayé rẹ̀ nítòsí òkun l'Ékòó máa ń jẹ yára ju èyí tó wà ní Ìlọrin tàbí Ọ̀yọ́ lọ, èyí tó dúró lórí kọnkéré sì máa ń yè ju èyí tó dúró lórí ilẹ̀ lásán. Èmi á kúkú rin ọ̀nà jíjìn lọ ra èyí tí irin rẹ̀ yè tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kú, ju kí n ra èyí tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò mi tí abẹ́ rẹ̀ ti tán.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí ló ti sọnù?

Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ ka iná, gíláàsì, ọwọ́ ilẹ̀kùn, bọ́ńpà, rọ́bà fèrèsé, mítà, àga, kọ́kọ́rọ́. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ "ẹ máa rí i rà" láìtíì rí i. Ẹ lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin tàbí Òwódé Onírin lọ́nà Ìkòròdú, kí ẹ béèrè ohun méjì tó le jù nínú àkọsílẹ̀ yín kí ẹ tó dúnàá-dúrà.

Lórí gíláàsì, ẹ ṣọ́ra gidi. Brasil ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara Ìjàpá tí wọ́n tò ní Ọjọ́ ti wá, fèrèsé tí àwọn ará Brasil sì ń ṣe sí tiwọn kéré ju ti èyí tí Jámánì ń ṣe lẹ́yìn ọdún 1964 lọ. Ẹ wọn tiyín kí ẹ tó ra gíláàsì tàbí rọ́bà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. (Brasil yìí kan náà ni Igala ti wá, èyí tí wọ́n ń pè ní Brasília lọ́hùn-ún. Ẹ̀yà ara bọ́dì tiẹ̀ ṣòro rí gan-an, n kò ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kó mú un.)

Páálí onírin tó yí ẹ́ńjìnì ká ni ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń fojú kéré jù. Mẹkáníìkì tó ń kánjú á tú u, á sì jù ú nù, torí pé ẹ́ńjìnì ṣì ń dún láìsí i. Àmọ́ òun ló pààlà sáàárín afẹ́fẹ́ tútù tó wà lókè àti èyí gbígbóná tó wà nísàlẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí rọ́bà tó yí etí rẹ̀ ká ti tán, fáànù á máa fa ooru ara rẹ̀ padà. Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀sán, ẹ́ńjìnì á jóná, sílíńdà kẹta ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, pàápàá lára àwọn tó ṣáájú ọdún 1971, torí ibi tí ohun tó ń tu ọ́ìlì wà máa ń dí atẹ́gùn tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ́ńjìnì

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bátìrì lé e kó sítáàtì í fún yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi sípánà yí púlì ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Tó bá yí, inú mi á dùn. Tó bá gan, ẹ lè da ọ́ìlì tó ń wọnú irin sínú ihò plọ́ọ̀gì kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ló ń jọ̀wọ́. Síbẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹ́ńjìnì tó ti kú, kí ẹ má sì sanwó ẹ́ńjìnì tó yè.

Lẹ́yìn náà, ẹ di púlì náà mú ṣinṣin, kí ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín, kí ẹ tì í padà. Àlàfo tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò ju mìlímítà 0.15 lọ, ìyẹn ni pé ọwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Tó bá ń dún kọ́-kọ́ bí ẹ ṣe ń tì í, béárìn inú ti tán, wọ́n gbọ́dọ̀ tú gbogbo ẹ́ńjìnì sílẹ̀. Ẹ yọ ọ̀pá ọ́ìlì kí ẹ wò ó. Ọ́ìlì rẹ̀ kò ju lítà méjì àbọ̀ lọ, kò sì ní fíltà ọ́ìlì bí ọkọ̀ òde òní, àsẹ́ onírin lásán ni, torí náà ẹ́ńjìnì tí wọn ò pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ déédéé máa ń tètè ṣàìsàn.

Bíréèkì, táyà, wáyà, rọ́bà: ẹ kàn ka gbogbo wọn sí ohun tí ẹ máa rà ní tuntun. Ẹ wo bóyá fóólítì 6 ni iná rẹ̀ ń lò tàbí 12. Ti 12 ni kí ẹ mú, torí bátìrì àti gílóòbù 6 ń ṣòro rí.

Ìgbésẹ̀ keje: ìṣirò, nílé, láìsí ọkọ̀ náà lójú yín

Ẹ má pinnu níwájú ọkọ̀. Ẹ lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí páńẹ́lì bítà, ẹni tó ń kun ọkọ̀, mẹkáníìkì àti rewáyà fi ìwé sọ iye tí wọ́n máa gbà lẹ́yìn tí wọ́n ti fojú rí i. Ẹ fi owó ẹ̀yà ara kún un, owó ìwé, owó gbígbé e wálé. Ẹ wá fi ìdajì gbogbo rẹ̀ lé e lórí, torí ohun tí ẹ máa bá nígbà tí ẹ bá họ ọ̀dà kúrò kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, owó ọjà ò sì ní dúró dè yín.

Bí àpapọ̀ yẹn bá ju iye tí wọ́n ń ta Ìjàpá tó ti dúró dáadáa, tó ń lọ tó ń bọ̀, èyí tó ń lọ ni kí ẹ rà. Mo yọ ọkọ̀ bàbá tàbí ìyá ẹni sílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, ẹ tún un ṣe bí agbára yín bá gbé e, kódà bó gba ọdún márùn-ún.

Èmi ò ní rà á bí òpó abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì àti orí ṣáásí bá jọ jẹ, bí nọ́ńbà ṣáásí bá ní ẹjọ́, tàbí bí ìdílé ò bá fẹnu kò. Òmíràn yàtọ̀ sí ìyẹn, owó ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná lẹ ń wò, ẹ rántí pé bọ́dì àti ilẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé yà bí ti Ìjàpá. Ìpáàrà nínú àwọn òpó rẹ̀ àti níbi tí ṣọ́ọ̀kì iwájú ti so sókè ni kí ẹ wá jù.

Tí ẹ bá ti gbà láti rà á, ẹ padà lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó tutù: "Bàbá, ọkọ̀ yín wù mí. Èyí tí mo rí lábẹ́ rẹ̀ rèé, iye tí wọ́n máa fi tún un ṣe rèé, iye tí agbára mi gbé rèé." Ẹ fi àkọsílẹ̀ hàn wọ́n. Àgbà tó fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀ sábà máa ń dín owó fún ẹni tó rí i pé á tún un ṣe ju ẹni tó fẹ́ gé e tà lọ.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wo yàrá ẹrù àti abẹ́ àtẹ̀gùn. Bọ́ńpà tí wọ́n ní ó sọnù, ọwọ́ ilẹ̀kùn, kódà ìwé ìlò tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ lè wà níbẹ̀. Ẹ má fi okùn fà á lọ sílé, bíréèkì rẹ̀ kò ní mú. Ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ ni kó gbé e. Tó bá ti délé, ẹ yọ ẹnu bátìrì, ẹ tú pẹtiróòlù àtijọ́ dànù kúrò nínú táńkì, kí ẹ sì gé gbogbo rọ́bà tó ń gbé epo lọ sí ẹ́ńjìnì sọnù. Rọ́bà yẹn ti gbẹ, orí ẹ́ńjìnì gbígbóná ló sì ń gbà kọjá, òun ló ń sun Ìjàpá jù. Tuntun ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ sì fi ìdè di i, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.